Ìròyìn kò tó àfojúbà: Ẹ jẹ́ ká fúnra wa ya fídíò òṣùpá ní Titirou

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2026, òjìji ayé yóò bo òṣùpá lójú wa. Ní aago orílẹ̀-èdè Benin, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 34 ni òkùnkùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí. Nígbà tí yóò bá fi di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 13, òjìji náà yóò ti gba ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 52, nígbà tí ilẹ̀ á ti mọ́, tí òṣùpá fúnra rẹ̀ á sì ti wọ̀ tàbí kó ku díẹ̀ kó wọ̀.

Ní aago yẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣì wà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n Titirou kì í sùn tán. Ìyá alákàrà ti ń po ẹ̀wà lílọ̀, àwọn ológì ti dáná, ládàánì ti ń múra láti pe ìrun Àsùbá, àwọn tó ń kó iṣu àti ata lọ sí ọjà Arzèkè ti ń di ẹrù, awakọ̀ tó fẹ́ tètè jáde nílùú ti ń wo omi àti epo ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ rí òṣùpá náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn la kọ ọ̀rọ̀ yìí sí.

Ohun tí à ń sọ kò pọ̀. Kí àwa ará Titirou fúnra wa ya fídíò òṣùpá ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ojú bá lè rí i dé. Kí a kọ ọjọ́, aago àti ibi tí a ti yà á sí i lára. Kí a sì fi í pamọ́ síbi tí ọmọ wa yóò ti rí i. Kí a má jókòó máa dúró de fídíò tí ẹni tí a kò mọ̀ yóò fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tí yóò sì sọ pé ìlú wa ni.

Ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá

Kì í ṣe pé a kàn ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lásán. A ti gbìyànjú rẹ̀ wò, a sì ti kọsẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òjìji ti bo òṣùpá pátápátá kó tó yọ sí wa ní Parakou. Kò sí ẹni tó lè rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ibí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú dáadáa la tó rí i níhà ìlà-oòrùn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú láàrin ìkùukùu. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú 52 ni ìmọ́lẹ̀ padà dé etí rẹ̀, ó sì di aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn náà tán.

A gbé fóònù kan sórí òrùlé, a ní kó máa ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ẹnìkan pe nọ́ńbà fóònù náà, iṣẹ́ sì dúró. Kí a tó mọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ láìsí fọ́tò kankan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí à ń so àwọn fọ́tò náà pọ̀ di fídíò, ọ̀kan nínú wa sọ pé: «Ẹ jẹ́ ká mú ti Facebook dí àlàfo yẹn. Òṣùpá kan náà ṣáà ni. Ta ló fẹ́ mọ̀?»

Kò sí irọ́ nínú pé òṣùpá kan náà ni. A jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbẹ̀yìn, a fi àlàfo náà sílẹ̀ ní dúdú, a sì kọ ọ́ sí i pé fóònù wa dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a fi fídíò náà han àwọn aládùúgbò lójúde. Kò gùn ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Màmá kan tó ń din àkàrà nírọ̀lẹ́ wò ó tán, ó ní:

«Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dúró ti agbada mi, mo ń wo òṣùpá yẹn ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀yin wá ní ogún ìṣẹ́jú àáyá ni. Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?»

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn wa látìgbà náà. A ó dá màmá lóhùn nísàlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, fọ́tò mìíràn ń kiri lórí fóònù: òṣùpá tó tóbi ju mọ́ṣáláṣí lọ, tó pupa bí epo pupa, tí wọ́n kọ «Parakou» sí lábẹ́. Kò sí mọ́ṣáláṣí tó rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Òṣùpá kì í sì í tóbi tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó pín ìyẹn pọ̀ gan-an ju àwọn tó wo tiwa lọ.

Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹlòmíràn lè sọ pé fọ́tò òṣùpá lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run tí àwọn ènìyàn kò mọ ìdí rẹ̀, wọn a máa wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2001, òṣùpá ṣókùnkùn lójú ọ̀run ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Maiduguri, ní ìpínlẹ̀ Borno, àwọn ọ̀dọ́ kan tú jáde, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń dá ló fà á. Wọ́n kọlu àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó owó jọ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré rẹ̀ pàdánù ohun ìní rẹ̀ lórí òjìji. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ ro ìyẹn wò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣírò ìṣẹ́jú tí yóò bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kò lè jẹ́ ẹ̀bi aládùúgbò kankan.

Ẹ̀sìn pàápàá kò fi ọwọ́ sí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ààfáà máa ń sọ ọ́ fún wa pé nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì Muhammad, kú, oòrùn ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó ní àmì Ọlọ́run ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn ènìyàn kírun. Ẹni tó bá wà nínú ọ̀fọ̀ tó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ fún gbogbo wa.

Ẹ̀yin tó mọ apá Atacora á ti gbọ́ nípa àwọn Batammaliba, àwọn tó ń kọ́ ilé alámọ̀ bí ilé ìṣọ́ ní ààlà Benin àti Tógò. Nínú ìtàn tiwọn, bí òkùnkùn bá dé bá oòrùn tàbí òṣùpá, ìjà ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n sì gbà pé ó tọ́ kí ènìyàn ṣe ni kí wọ́n parí ìjà àtijọ́ láàrin ara wọn, kí àwọn tó wà lókè lè rí i kí àwọn náà parí tiwọn. Ní Maiduguri, òṣùpá ṣókùnkùn, ìjà bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Batammaliba, ìjà parí. Òṣùpá kan náà ni. Ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ohun tí à ń pín kiri nípa òṣùpá kì í ṣe eré.

Kí ni òjìji yìí gan-an?

Ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Oòrùn ń tàn sí ayé, ayé sì ń fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí igi máṅgòrò ṣe ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí òṣùpá bá dé ẹ̀yìn ayé, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò sórí ìlà kan, òṣùpá yóò gba inú òjìji náà kọjá. Alẹ́ tí òṣùpá bá kún nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, nítorí ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí ayé ká dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan bíi dìgírì márùn-ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkè òjìji tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Pupa tó ń pọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kọjá ló tẹ̀ wọ inú òjìji. Afẹ́fẹ́ a máa fọ́n àwọ̀ búlúù ká, èyí tó pupa ni yóò là á já. Pupa yẹn náà la máa ń rí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn ìlú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá kún ojú ọ̀run.

Ẹ kíyè sí etí òjìji náà lára òṣùpá: ó máa ń tẹ̀ bí etí igbá. Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni Aristotle ti lo ìyẹn láti fi hàn pé ayé rí róbótó. Ohun tí ọkùnrin yẹn rí láìní kámẹ́rà, ìyá alákàrà náà lè rí i láti ìdí agbada rẹ̀. Kò sì léwu fún ojú. Wíwo oòrùn nígbà tí òṣùpá bá bò ó ló lè fọ́ ojú, bí irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òjìji òṣùpá gba Ghana, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá. Ti òṣùpá kò nílò ìgò kankan.

Ìdáhùn fún màmá

Irú fídíò tí a yà ni àwọn oníkámẹ́rà ń pè ní time-lapse. Kámẹ́rà kò ya ohun gbogbo. Yóò ya fọ́tò kan, yóò sinmi, yóò tún ya òmíràn. Lẹ́yìn náà ni a ó so wọ́n pọ̀, tí a ó máa fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá yà láti aago mẹ́ta àbọ̀ títí di aago mẹ́fà àbọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, tí a ń ya ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, fọ́tò 1,080 ni yóò jẹ́. Fídíò rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 43 lọ.

Nítorí náà, Màmá, òótọ́ ni èyí tí ẹ rí. Tiwa náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a ti ká àkókò inú rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ojú wa kì í rí ohun tó bá ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ òṣùpá, yóò dà bíi pé kò sí ohun tó ń yí padà. Nínú fídíò tí a ká, a ó rí òjìji tó ń rìn lójú òṣùpá geere, láìsí ẹni tó ń lé e, láìsí ìjà kankan. Èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ká àkókò gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn pé òun ká a, àti ìwọ̀n tí òun fi ká a. Bí kò bá sọ ọ́, ó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Bí a ó ṣe ṣe é

Kò pọn dandan kí ènìyàn ní kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù tí a fi ń ṣòwò tó. Àwọn ohun tí àṣìṣe wa kọ́ wa nìyí.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọjú sí. Ní aago mẹ́ta àbọ̀, òṣùpá yóò wà ní agbedeméjì òkè ọ̀run àti ilẹ̀, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí òòró, kí àyè wà nísàlẹ̀ fún òṣùpá láti rìn sí. Ẹ má fa àwòrán sún mọ́ra púpọ̀. Ojú ọ̀run ń yí ní nǹkan bíi dìgírì 15 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fà á jù, òṣùpá á ti jáde kúrò nínú àwòrán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Fóònù kò gbọ́dọ̀ mì. Bí kò bá sí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ẹ bu iyanrìn sínú àwo, kí ẹ ri ìdí fóònù mọ́ ọn. Ẹ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa kí ìpè má baà wọlé. Àwa ti sanwó ẹ̀kọ́ yẹn fún yín. Ẹ gba iná sí i kún, kí ẹ sì ní páwà báǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro jù. Òṣùpá tó kún mọ́lẹ̀ bí òkúta tí oòrùn ń pa, ṣùgbọ́n apá tí òjìji bá bò dúdú jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí ẹ bá jẹ́ kí fóònù máa yí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, fídíò yóò máa ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ lọ. Ẹ tẹ òṣùpá lójú fóònù, kí ẹ ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa síbẹ̀. Bí ẹ bá rí fóònù méjì, kí ọ̀kan mú apá tó mọ́lẹ̀, kí èkejì mú apá tó pupa. Kí ẹnìkan sì mú ìwé àti bírò, kó máa kọ aago: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìkùukùu bò ó, ìgbà tí fóònù dúró. Ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí fídíò.

Oṣù kẹjọ, oṣù òjò ni ní Parakou. A mọ̀ pé ìkùukùu lè bò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a dá a ṣe. Bí Titirou kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn wa ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu rí i. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín níbẹ̀ láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá sì lo tiwọn, ẹ kọ orúkọ ìlú wọn sí i. Bí kò bá sí ìlú tó rí i, kí a sọ pé a kò rí i. Ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: pé ọmọ tó ń wo òṣùpá kò ní rí owó jẹun, pé fóònù wà fún iṣẹ́. A kò bá wọn jà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ọjà rẹ̀, kó má gbé e sórí òrùlé fún òjò àti olè. Ẹnìkan ní àdúgbò kan tó. Àwọn tó kù ẹ wá wò ó, kí ẹ sì jẹ́rìí.

A ń bẹ olórí àdúgbò kó fi ibì kan hàn wá tí a lè pé jọ sí ní ìdájí ọjọ́ náà láìsí ìdíwọ́. A ń bẹ àwọn ààfáà àti àwọn pásítọ̀ kí wọ́n sọ ọ́ fún ìjọ wọn ṣáájú, kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. A ń bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Parakou kí ẹni tó mọ ìmọ̀ yìí wá ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ní Baatonum àti ní Dẹ́ńdì, nítorí èdè mẹ́ta yìí ni ọjà ń sọ.

A sì ń bẹ gbogbo wa kí a fi fídíò náà pamọ́. Ní ọdún 1900, pidánpidán ará Britain kan, Nevil Maskelyne, gbé kámẹ́rà lọ sí North Carolina ní Amẹ́ríkà, ó ya fíìmù oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó. Fíìmù náà kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n tún un ṣe, gbogbo ayé sì rí i. Ohun tó fún un níyì lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́fà ni pé a mọ ẹni tó yà á, a mọ ọjọ́ rẹ̀, a mọ ibi tó ti yà á.

Bí ti ọdún yìí bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ọdún 2029 ń bọ̀: òṣùpá yóò ṣókùnkùn pátápátá lójú wa ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, àti ní òru ọjọ́ 20 oṣù kejìlá nígbà ọyẹ́ tí òjò kì í rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi níláti dúró fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Àwọn àgbà ní wọ́n ní òṣùpá kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe. Ọwọ́ wa kò tó o. Ohun tí ọwọ́ wa tó ni fóònù, àwo iyanrìn àti bírò. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 34, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ti jí kan ilẹ̀kùn fún ẹni tó ṣì ń sùn.